Stokesay: Ìbéèrè àti Ìdáhùn nípa Ilé Olódi tí Oníṣòwò Irun Àgùntàn Kọ́

Kí ni ilé olódi, kí ló sì yà á sọ́tọ̀ sí kásùlù?

Ilé gbígbé ni. Olówó kan ní ìgbèríko á kọ́ ilé rẹ̀ tán, á mọ odi yí i ká, á gbẹ́ yàrà sẹ́yìn odi náà, á sì kọ́ ilé ìṣọ́ kan tàbí méjì mọ́ ọn. Kásùlù gidi, ibùdó ogun ni: ọba tàbí ìjòyè ńlá ló sábà máa ń ni ín, àwọn ọmọ ogun sì máa ń wà níbẹ̀ láti fi ṣọ́ ilẹ̀. Nínú ilé olódi, oko, àká, oúnjẹ àlejò àti yàrá ìbùsùn ló gba iwájú. Odi ń dáàbò bo onílé lọ́wọ́ ọlọ́ṣà, ó sì tún ń fi hàn pé onílé náà ti kúrò ní èèyàn lásán.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀. Stokesay la dojú kọ níbí, nítorí pé nínú àwọn tí wọ́n kọ́ ní ọ̀rúndún kẹtàlá, díẹ̀ ló ṣẹ́kù tó ṣì rí bí ẹni tó kọ́ ọ ṣe fi í sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Níbo ni Stokesay wà?

Ó wà ní Shropshire, ní apá ìwọ̀-oòrùn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ilẹ̀ ti ń sún mọ́ ààlà Wales. Ìlú kékeré tó ń jẹ́ Craven Arms ló wà nítòsí rẹ̀ jù. Ludlow, ìlú ọjà àtijọ́ tó ní kásùlù tirẹ̀, jìnnà sí i ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá, ní ọ̀nà gúúsù. Àfonífojì odò Onny ni wọ́n kọ́ ọ sí, òkè sì yí i ká. Ẹni tó bá ń wá ibi tí ọ̀tá kò ti ní lè wò ó láti òkè kò ní kọ́ ilé síbẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà sórí rẹ̀.

Ìdílé de Say, àwọn tó ti Normandy wá, ló ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, orúkọ wọn ló sì wà nínú orúkọ Stokesay. Lẹ́yìn wọn ló bọ́ sọ́wọ́ ìdílé de Verdun.

Àwọn kan ń pè é ní Stokesay Castle. Èwo ló tọ̀nà?

Stokesay Castle ni orúkọ tó wà lára pátákó ojú ọ̀nà, òun náà ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sì sí ẹni tó máa bá yín jà bí ẹ bá lò ó. Àmọ́ nígbà tí John Leland, arìnrìn-àjò tó ń kọ ìtàn ilẹ̀ náà sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ohun tó sọ ni pé wọ́n kọ́ ọ bíi kásùlù. Ó ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ohun tí a bá ní ó dà bíi nǹkan, kì í ṣe nǹkan ọ̀hún gan-an.

Ta ló kọ́ ọ?

Laurence ará Ludlow ni. Nicholas bàbá rẹ̀ ti ń ṣòwò irun àgùntàn ṣáájú rẹ̀. Laurence jogún òwò náà, ó sì mú un gòkè débi pé ó wà lára àwọn oníṣòwò irun àgùntàn tó lówó jù lọ ní gbogbo Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1281 ló gba Stokesay. Láàárín ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, ó ti kọ́ gbọ̀ngàn, yàrá ìgbé, ilé ìṣọ́ méjì àti odi.

Kì í ṣe ọmọ ìjòyè, kì í sì í ṣe jagunjagun. Nígbà náà, ilẹ̀ àti ogun ni wọ́n fi ń mọ ẹni ńlá; owó ọjà nìkan kò tíì tó. Ohun tí Laurence wá fi owó ọjà rà gan-an nìyẹn: ilẹ̀, ilé, àti ojú tí wọ́n fi ń wo onílẹ̀.

Irun àgùntàn lásán? Báwo ló ṣe lè mówó tó bẹ́ẹ̀ wọlé?

Ẹ má fojú kéré e. Ní ọ̀rúndún kẹtàlá, kò sí ọjà tí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tà sílẹ̀ òkèèrè tó tó irun àgùntàn. Àwọn ahunṣọ ní Flanders, níbi tí a mọ̀ sí Bẹ́ljíọ̀mù lónìí, àti àwọn ti Florence ní Ítálì, irun àgùntàn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń wá kiri nítorí pé ó dára ju tiwọn lọ. Èyí tó sì ń ti ẹkùn ààlà Wales wá, ní Shropshire àti Herefordshire, wà lára àwọn tó wọ́n jù lọ́jà.

Bí òwò náà ṣe ń lọ nìyí. Oníṣòwò á lọ bá àwọn ilé mọ́ńkì àti àwọn àgbẹ̀ tó ní agbo àgùntàn, á bá wọn dúnàádúrà. Nígbà míì, á ti san owó irun tí wọn kò tíì rẹ́ lára àgùntàn, ti ọdún kan tàbí ti ọdún mélòó kan tó ń bọ̀. Wọ́n á dì í sínú àpò ńlá. Ìwọ̀n àpò kan jẹ́ 364 pọ́ùn, ìyẹn nǹkan bíi kìlógíráàmù 165. Ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹrù á gbé e dé èbúté, ọkọ̀ òkun á sì gbà á níbẹ̀.

Ẹni tó bá lè san owó sílẹ̀ ṣáájú, tó sì lè dúró de èrè fún oṣù púpọ̀, òun ló ń kó èrè tó pọ̀ jù. Nígbà tó yá, irú ẹni bẹ́ẹ̀ á di ayánilówó. Laurence yá àwọn ìjòyè ní owó, ọba pàápàá sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ ò ní rí àwòrán àgùntàn kankan tó gbé sára ògiri rẹ̀, ṣùgbọ́n àgùntàn ló ra gbogbo òkúta ibẹ̀.

Kí nìdí tó fi gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọba kó tó mọ odi?

Ní 1291, Ọba Edward Kìn-ín-ní fún un ní ìwé tó gbà á láyè láti fi òkúta àti ẹfun mọ odi yí ilé rẹ̀ ká, kó sì fi eyín odi sí i lórí. Eyín odi ni apá òkè ògiri tó ń yọ sókè, tó ń lọ sílẹ̀, tó tún ń yọ sókè. Tafàtafà á fara pamọ́ sẹ́yìn ibi tó yọ, á sì ta ọfà láti ibi tó lọ sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ̀rù ọ̀tẹ̀ ló ń ba ọba, pé ìdí rèé tó fi ń ṣọ́ ẹni tó máa mọ odi. Ìyẹn wà níbẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àkọsílẹ̀ ìjọba wọn, ẹni tó bá béèrè sábà máa ń rí gbà, àwọn tó mọ odi láìgba ìwé kò sì sábà jìyà. Lójú tèmi, ìwé náà fúnra rẹ̀ ni ọlá. Ẹni tí ọba bá fún ní ìwé eyín odi, ọba ti ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó tó gbangba sùn lọ́yẹ́ nìyẹn. Ọmọ oníṣòwò láti Ludlow mọ iye tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó.

Ṣé òótọ́ ni pé irun àgùntàn ló pa Laurence?

Inú omi ló kú sí, ó sì ń kó irun àgùntàn lọ ni. Ní 1294, Edward ń bá ọba ilẹ̀ Faransé jà, ó sì ń wá owó lójú méjèèjì. Owó ibodè tí wọ́n ń gbà lórí àpò irun àgùntàn kan láti 1275 kò ju ṣílè mẹ́fà àti pẹ́ńsì mẹ́jọ lọ. Àwọn oníṣòwò ńlá, tí Laurence ṣíwájú wọn, gbà pé kí wọ́n gbé e gòkè, ó sì di ṣílè 40 lórí àpò kan. Kì í ṣe àpò tiwọn lowó náà máa ti jáde. Ṣe ni wọ́n kàn dín iye tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ kù.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, Laurence bá ọkọ̀ tó ń kó irun àgùntàn lọ sí Holland rìn. Ìjì dé, ọkọ̀ rì ní etíkun Suffolk, ó sì bá a lọ. Àwọn mọ́ńkì Dunstable tó ń kọ ìtàn ọdọọdún sílẹ̀ kò ṣàánú rẹ̀: wọ́n ní nítorí pé ó ṣẹ àwọn tó ń ta irun àgùntàn ni ó ṣe rì sómi pẹ̀lú ọkọ̀ tí irun àgùntàn kún inú rẹ̀. Kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ wọn bí ìdájọ́ Ọlọ́run, ẹ rántí pé àwọn mọ́ńkì náà ń sin àgùntàn. Owó tiwọn ló ń dùn wọ́n.

Ọdún mẹ́ta péré ló wà láàárín ìwé odi àti ikú rẹ̀. Àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ló jayé ilé náà, wọ́n sì dì í mú títí dé ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí ìgbéyàwó gbé e lọ sọ́dọ̀ ìdílé Vernon.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé igi inú ilé náà ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Igi ló sọ fún wọn. Ọdọọdún ni igi óákù máa ń fi òrùka kan kún inú rẹ̀. Ọdún tí òjò bá dára, òrùka á nípọn, ọdún tí ọ̀dá bá dá, á tínrín. Àwọn onímọ̀ á fi irinṣẹ́ tín-ín-rín gbẹ́ inú ìtì igi náà, wọ́n á fa apá kékeré kan yọ, wọ́n á sì fi bí òrùka rẹ̀ ṣe tò wé àwọn igi tí wọ́n ti mọ ọjọ́ orí wọn. Ohun tí wọ́n rí ní Stokesay bá ìwé mu: ìparí ọ̀rúndún kẹtàlá ni wọ́n gé ọ̀pọ̀ lára àwọn ìtì igi náà, ní ìgbà ayé Laurence.

Kí lèèyàn máa rí bó bá wọ inú rẹ̀?

Gbọ̀ngàn ńlá ni àkọ́kọ́. Ó gùn tó mítà 16 ó lé, ó fẹ̀ tó mítà 9, òrùlé rẹ̀ sì ga débi pé èèyàn á kọ́kọ́ gbójú sókè kó tó rántí wo ilẹ̀. Ìtì óákù ńláńlá tí a tẹ̀ bí ọrun ló gbé òrùlé náà dúró láìsí òpó kankan láàárín gbọ̀ngàn. Níbẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn ìtì náà ń sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri. Ìsàlẹ̀ wọn ti jẹrà, àwọn tó tún ilé ṣe ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì fi òkúta gbà wọ́n dúró. Kò sí ibi ìdáná lára ògiri. Àárín ilẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, lórí pèpéle onígun mẹ́jọ tó ṣì wà níbẹ̀, èéfín á sì wá ọ̀nà tirẹ̀ gba òrùlé jáde.

Níbẹ̀ ni gbogbo ilé ti ń jẹun: onílé àti ìyàwó rẹ̀ lápá kan, àlejò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn òṣìṣẹ́ nísàlẹ̀. Níbi ògiri àríwá, àtẹ̀gùn onígi kan ń gòkè lọ sí ilé ìṣọ́ àríwá. Àtẹ̀gùn ìgbà Laurence ni, odindi ìtì igi ni wọ́n sì gé láti fi ṣe ìṣísẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń gun un lónìí ń tẹ ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ Laurence tẹ̀. Ní òkè ilé ìṣọ́ náà, wọ́n fi igi ṣe yàrá kan tó yọ síta ju ògiri òkúta ìsàlẹ̀ lọ, bí ẹni tó gbé fìlà tó tóbi jù ú lọ dé.

Ilé ìṣọ́ gúúsù yàtọ̀ pátápátá. Onígun márùn-ún ni, igun náà kò sì dọ́gba. Ògiri rẹ̀ nípọn, kànga wà ní ìsàlẹ̀, àtẹ̀gùn sì gba inú ògiri kọjá. Ihò tí wọ́n fi sínú ògiri fún àtẹ̀gùn àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n ní láti fi òkúta ńlá gbè é lẹ́yìn nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́. Ilé ìdáná àti àwọn ilé kéékèèké míì wà lágbàlá nígbà kan. Wọ́n ti wó wọn.

Kí ni fèrèsé kékeré méjì inú yàrá òkè wà fún?

Yàrá òkè yẹn ni yàrá onílé. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò sí nínú gbọ̀ngàn. Ìta ni wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn lọ síbẹ̀. Ní ọ̀tún àti òsì ibi ìdáná rẹ̀ ni fèrèsé kékeré méjì wà tí wọ́n dojú kọ inú gbọ̀ngàn. Láti ibẹ̀, onílé lè rí ẹni tó wọlé, ẹni tí kò tíì kúrò nídìí oúnjẹ, àti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ìyàwó ilé náà lè lò ó. Ó jọ yíyọjú wo ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ní òṣìṣẹ́ púpọ̀ nílé rí kò ní béèrè ìdí.

Pákó fífín tó wà lórí ibi ìdáná náà kì í ṣe ti Laurence. Ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni wọ́n gbé e síbẹ̀, wọ́n sì kùn ún ní àwọ̀ mèremère nígbà náà. Ìyókù ọ̀dà ṣì wà lára rẹ̀ bí ẹ bá wò ó dáadáa.

Ilé ẹnu ọ̀nà aláwọ̀ yẹ́lò yẹn ńkọ́? Kò jọ ìyókù.

Kò lè jọ ọ́. Ọdún 1640 sí 1641 ni wọ́n kọ́ ọ, ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọdún ó lé lẹ́yìn Laurence, nígbà tí ìdílé Craven ti ni ilé náà. Igi ni egungun rẹ̀, wọ́n rẹ́ ògiri àárín igi náà, wọ́n sì fín Ádámù àti Éfà sára igi iwájú rẹ̀. Ó rẹwà, mo sì mọ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ju ilé gan-an lọ. Àmọ́ ẹ wo nǹkan kan: ní 1642 ni ogun abẹ́lé láàárín ọba àti Ilé Aṣòfin bẹ̀rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó fi igi kọ́ ẹnu ọ̀nà odi rẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú, kò retí ogun rárá.

Ṣé wọ́n jagun níbẹ̀ rí?

Ẹ̀ẹ̀kan, kò sì pẹ́. Ní 1645, àwọn ọmọ ogun Ọba Charles Kìn-ín-ní wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Ilé Aṣòfin ti gba Shrewsbury, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá, wọ́n ní kí àwọn tó wà nínú ilé jáde. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀, nígbà tó yá wọ́n gbà láti jọ̀wọ́ ara wọn kí ìbọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ba ògiri jẹ́. Àwọn ọmọ ogun ọba láti Ludlow gbìyànjú láti gbà á padà, wọ́n sì ṣẹ́gun wọn nítòsí, ní Wistanstow.

Lẹ́yìn ogun, Ilé Aṣòfin pàṣẹ pé kí wọ́n ba ilé olódi jẹ́ káàkiri kí àwọn ọmọ ogun ọba má baà tún rí i lò. Ní Stokesay, odi ìta ni wọ́n wó sílẹ̀. Wọn kò fọwọ́ kan ilé. Ìdí rèé tí àwọn tó bá débẹ̀ lónìí fi máa ń béèrè odi. Ìyókù rẹ̀ kúrú. Ìjọ Jòhánù Onítẹ̀bọmi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà kò rí irú àánú bẹ́ẹ̀: ó bàjẹ́ nínú ogun náà, wọ́n sì tún un kọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ló dé tí kò fi yí padà bí àwọn ilé ńlá yòókù?

Nítorí pé àwọn olówó tó ni ín kò fẹ́ gbé inú rẹ̀. Ìdílé Craven ra ilẹ̀ náà ní 1620, wọ́n sì ní ilé tó dára jù ú lọ níbòmíràn. Wọ́n fi í háyà. Nígbà tó yá, àgbẹ̀ ló ń gbà á. Gbọ̀ngàn ńlá di àká, alágbẹ̀dẹ sì ń ṣiṣẹ́ ní ìsàlẹ̀ ilé ìṣọ́ gúúsù. Iná jó ilé ìṣọ́ yẹn ní 1830, ó sì jó àjà rẹ̀.

Bí ìdílé ọlọ́rọ̀ kan bá ti ń gbé ibẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún ni, wọn ì bá ti fọ́ fèrèsé Laurence, wọn ì bá ti fi àjà pẹlẹbẹ bo òrùlé rẹ̀. Àìbìkítà ló gbà á là. Àgbẹ̀ tó ń kó ọkà sínú gbọ̀ngàn kò ní owó àti ìdí láti tún un ṣe sí ti ìgbàlódé.

Ta ló wá tún un ṣe, ta ló sì ni ín nísinsìnyí?

Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tó fẹ́ràn ohun àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ilé náà ń wó lọ. Ní 1869, John Derby Allcroft, tó fi òwò ìbọ̀wọ́ di ọlọ́rọ̀, ra gbogbo ilẹ̀ Stokesay. Ó ṣe àtúnṣe, ohun tó sì yẹ kí a yìn ín fún ni pé kò sọ ọ́ di tuntun. Nígbà tó fẹ́ ilé tirẹ̀ láti gbé, ó kọ́ Stokesay Court sí ìtòsí, ó sì fi èyí àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìdílé rẹ̀ ló tọ́jú rẹ̀ títí ó fi bọ́ sọ́wọ́ English Heritage, àjọ tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1992.

Ẹ tún wo àwọn tó ni ín lẹ́ẹ̀kan sí i. Irun àgùntàn ni Laurence. Sir William Craven, tí opó rẹ̀ ra ilé náà, òwò aṣọ ló fi lówó kó tó di olórí ìlú London ní 1610. Ìbọ̀wọ́ ni Allcroft. Ilé tí gbogbo ènìyàn ń pè ní kásùlù yìí, owó ọjà ló ń gbé e dìde ní ìgbà gbogbo.

Báwo lèèyàn ṣe lè débẹ̀ láti London tàbí Manchester?

Reluwé ló rọrùn jù. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Craven Arms, tó wà lórí ọ̀nà reluwé láàárín Shrewsbury àti Hereford, kí ẹ sì fẹsẹ̀ rìn ní nǹkan bíi máìlì kan. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ English Heritage kì í sanwó ẹnu ọ̀nà. Ẹ yẹ ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí wò lórí ìkànnì wọn kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ti òtútù yàtọ̀ sí ti ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wọ kóòtù. Kò sí gíláàsì nínú àwọn fèrèsé ilé ìṣọ́ gúúsù, atẹ́gùn á sì kí yín dáadáa. Àtẹ̀gùn kò dọ́gba. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè jókòó sí gbọ̀ngàn, ohun tó wà níbẹ̀ tó wò.

Ilé wo ló tún jọ ọ́?

Ní Shropshire kan náà, Acton Burnell wà, tí Robert Burnell, bíṣọ́ọ̀bù àti olórí akọ̀wé ọba, gba ìwé rẹ̀ ní 1284. Àlàpà ni báyìí. Ní Northumberland, Aydon gba tirẹ̀ ní 1305, ní ibi tí ará Scotland ń wá jalè ní tòótọ́, èyí tó mú kí odi ibẹ̀ ní iṣẹ́ gidi. Ìwé Markenfield ní Yorkshire jẹ́ ti 1310, yàrà rẹ̀ ṣì kún fún omi. Ẹni tó bá fẹ́ yàrà tó lẹ́wà jù, kó lọ wo Ightham Mote ní Kent. Fún gbọ̀ngàn, mi ò tíì rí èyí tó tó ti Stokesay.

Ṣé odi yẹn lè gba onílé là bí ogun bá dé?

Ibi tí àríyànjiyàn wà rèé. Àwọn kan ní àṣehàn lásán ni. Wọ́n ní ẹ wo fèrèsé gbọ̀ngàn: ó tóbi, ó sì wà ní ògiri tó dojú kọ ìta, lórí yàrà, ní apá ìwọ̀-oòrùn tí Wales wà. Ta ni ẹ̀rù ń bà tó máa ṣí irú ojú bẹ́ẹ̀ sí ọ̀tá? Ẹ tún fi òkè tó yí i ká sí i. Bẹ́ẹ̀, Edward ti ṣẹ́gun Wales ní 1282 sí 1283, Llywelyn olórí wọn sì ti kú, kí wọ́n tó fún Laurence ní ìwé.

Àwọn míì ní kí a má yára. Ní 1294, ọdún tí Laurence kú, Madog ap Llywelyn kó àwọn ará Wales jọ, ọ̀tẹ̀ sì tún bẹ́ sílẹ̀. Ìbẹ̀rù náà kò jẹ́ àlá. Ayánilówó sì ní ọ̀tá tí kì í ṣe ará Wales. Ẹ wo ilé ìṣọ́ gúúsù: ní ìbẹ̀rẹ̀, afárá tí wọ́n lè fà sókè ni wọ́n ń gbà láti inú yàrá òkè wọ inú rẹ̀. Bí ọlọ́ṣà bá wọ àgbàlá, onílé àti àpótí owó rẹ̀ á sá síbẹ̀, wọ́n á fa afárá, kànga sì wà nísàlẹ̀.

Ẹ̀yìn àwọn wọ̀nyí ni mo wà, níwọ̀nba. Wọ́n kọ́ ọ fún ọlọ́ṣà àti fún ojú ayé, wọn kò kọ́ ọ fún ọmọ ogun tó ní ìbọn àgbá. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ní 1645 mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tètè jáde.

Ṣé owó ẹrú wà nínú ilé yìí?

Kò sí nínú kíkọ́ rẹ̀. Laurence ti kú ní ohun tó lé ní igba ọdún ṣáájú kí ọkọ̀ òkun Gẹ̀ẹ́sì tó mọ ọ̀nà ẹkùn wa, irun àgùntàn ló sì kọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ ohun tí ẹ rí níbẹ̀ yàtọ̀ sí ilé ẹnu ọ̀nà, pákó fífín àti àtúnṣe ẹ̀yìn ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n kò mọ́ tónítóní. William Craven, ọmọ opó tó ra Stokesay, tó di Earl of Craven lẹ́yìn náà, wà lára àwọn olúwa mẹ́jọ tí Ọba Charles Kejì fún ní ilẹ̀ Carolina ní Amẹ́ríkà ní 1663. Ní 1669, òfin tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ilẹ̀ náà fún gbogbo ẹni tó jẹ́ òmìnira níbẹ̀ ní àṣẹ pátápátá lórí ẹrú aláwọ̀ dúdú rẹ̀. Craven ni ilé Stokesay nígbà tí òfin yẹn jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbé ibẹ̀.

Àwọn kan máa ń béèrè bóyá àwọn baba ńlá wa wà lára àwọn tí òfin náà dè. Àwọn ará Angola àti Senegambia ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n kó wá sí South Carolina. Brazil àti Cuba ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ, ìyẹn sì jẹ́ lẹ́yìn ìgbà ayé Craven.